Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi kì í dúró sójú kan: ta ni ó ń ṣàkóso rẹ̀ nínú ara?

Àbẹ̀kẹ́_Oníbéèrè — Ọjọ́ Ajé, 8:14 àárọ̀

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ojúgbà mi. Dókítà mi sọ fún mi ní oṣù tó kọjá pé ìfúnpá mi ti ń ga díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọ̀n ọ́n, kí n sì máa kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀ láràárọ̀ àti lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó padà wá. Ní àárọ̀ yìí, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ìdajì wákàtí tó pé. Àkọ́kọ́ jẹ́ 148 lórí 92, ìkejì jẹ́ 136 lórí 86, ìkẹta sì jẹ́ 129 lórí 84. Ìjókòó kan náà ni, apá kan náà ni, n kò jẹun, n kò sì dìde rìn láàárín wọn.

Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ náà ni kò dára. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó lọ, ìbéèrè mìíràn gbà mí lọ́kàn. Bí ìfúnpá bá lè yí padà tó báyìí nígbà tí mo jókòó jẹ́ẹ́, ta ni ó ń yí i? Bí ó bá sì jẹ́ pé ara ní ohun tí ó ń ṣọ́ ọ, kí ni ó dé tí ohun náà fi ń wo ìfúnpá níran títí tí ó fi ga ju bí ó ti yẹ lọ? Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìmọ̀ràn nípa ohun tí n kò gbọdọ̀ jẹ nìkan dá mi lóhùn. Mo fẹ́ mọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́.


Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ — Ọjọ́ Ajé, 8:51 àárọ̀

Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú àníyàn ara yín. Ẹ̀rọ yín kò bàjẹ́. Láti ọdún tí mo ti ń di àpò ìwọ̀nfúnpá mọ́ apá àwọn ènìyàn, ìwọ̀n àkọ́kọ́ ni ó sábà máa ń ga jù, nítorí pé ara ṣì wà lójúfò: ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ di nǹkan mọ́ apá, ẹ sì ń retí ohun tí yóò jáde pẹ̀lú àyà jíjá díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ènìyàn jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀ kí ó tó wọ̀n ọ́n, kí ó fẹ̀yìn ti àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì fi ara kan ilẹ̀ láìgbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, kí apá sì wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan ibi tí ọkàn wà. Bí apá bá rọ̀ sísàlẹ̀, iye tí ẹ̀rọ yóò gbé jáde yóò ga ju òtítọ́ lọ. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n yín, ẹ kọ́kọ́ lọ tọ̀ ọ́, nítorí pé ìyẹn náà ń gbé ìfúnpá sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi ìṣẹ́jú kan sáàárín wọn, kí ẹ sì kọ méjèèjì sílẹ̀. Ẹ má ṣe yan èyí tí ó wù yín nínú wọn.

Nọ́ńbà òkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara òpójẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú ara, nígbà tí ọkàn bá fún ara rẹ̀ pọ̀; nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ni èyí tí ó kù nígbà tí ọkàn bá dẹra láti gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Ìbéèrè yín kejì jinlẹ̀ ju ibi tí mo lè dé lọ. Mo fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ó ń kọ́ni ní i.


Olùkọ́_Ìmọ̀_Ara — Ọjọ́ Ajé, 12:30 ọ̀sán

Nọ́ọ̀sì Alẹ́, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀.

Ohun méjì péré ni ó ń pinnu ìfúnpá: iye ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde ní ìṣẹ́jú kan, àti bí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ náà ń gbà ṣe há tó. Ọkàn àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́ ń tì tó 70 mílílítà ẹ̀jẹ̀ jáde nígbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá lù, ó sì ń lù tó ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá sọ ọ́ di púpọ̀, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 5, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nínú ara. Ní ìṣẹ́jú kan péré, gbogbo ẹ̀jẹ̀ yín ti rìn yí ara ká, ó sì ti padà dé.

Ti híhá ọ̀nà ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí, nítorí pé ibẹ̀ ni agbára ìṣàkóso pọ̀ sí jù. Kì í ṣe àwọn òpójẹ̀ ńláńlá tí ó ti inú ọkàn jáde ni ó ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn òpójẹ̀ tín-ín-rín tí ó wà ní ìpẹ̀kun wọn, kí ẹ̀jẹ̀ tó wọ inú àwọn tí ó kéré ju irun lọ, ni wọ́n ní iṣan tí ó lè fún wọn pọ̀ tàbí kí ó tú wọn sílẹ̀. Bí fífẹ̀ ọ̀kan nínú wọn bá dín kù sí ìdajì, ìdènà tí ẹ̀jẹ̀ yóò bá pàdé níbẹ̀ kò ní jẹ́ ìlọ́po méjì. Ìlọ́po 16 ni yóò jẹ́. Poiseuille, dókítà ará Faransé, ni ó ṣàwárí òfin yìí ní nǹkan bí ọdún 1840. Òun kan náà ni ó lo mékúrì láti wọn ìfúnpá ní ọdún 1828, tí a fi ń ka ìfúnpá ní mílímítà mékúrì títí di òní. Nítorí òfin yẹn, ara kò nílò láti ṣe ohun ńlá kí ìfúnpá tó yí padà. Kí iṣan yípo àwọn òpójẹ̀ kéékèèké fún díẹ̀, tí ojú kò tilẹ̀ lè rí, ó ti tó láti gbé yín láti 129 dé 148.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí agbára náà ti tó, Stephen Hales, àlùfáà ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé jáde ní ọdún 1733 nípa bí ó ṣe ti ọ̀pá bọ inú òpójẹ̀ abo ẹṣin kan, tí ó sì so ó mọ́ ọ̀pá gíláàsì gígùn. Ẹ̀jẹ̀ náà gòkè nínú gíláàsì náà tó mítà méjì àbọ̀. Irú agbára bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú wa, tí a kò mọ̀ ọ́n lára.


Akẹ́kọ̀ọ́_Ọdún_Kẹta — Ọjọ́ Ajé, 4:05 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú láti sọ ẹni tí ó ń pàṣẹ, nítorí pé orí ẹ̀kọ́ yìí ni a wà ní kíláàsì báyìí. Bí mo bá ṣìṣe, kí Olùkọ́ tọ́ mi sọ́nà.

Àwọn ọlọ́dẹ ìfúnpá wà ní ibi méjì pàtàkì. Ọ̀kan wà ní ọrùn, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ní ibi tí òpójẹ̀ ńlá tí ó ń lọ sí orí ti pín sí méjì. Èkejì wà lára òpójẹ̀ tí ó tóbi jù lọ, níbi tí ó ti tẹ̀ kọrọdọ lókè ọkàn. Àwọn ọlọ́dẹ wọ̀nyí kì í ka ìfúnpá bí ẹ̀rọ ṣe ń kà á. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni bí ara òpójẹ̀ ṣe ń nà tó. Bí ìfúnpá bá ga, ara òpójẹ̀ á nà, wọn á sì máa ránṣẹ́ léraléra sí ìdí ọpọlọ. Ìdí ọpọlọ yóò wá mú kí ọkàn dín ìyára rẹ̀ kù, yóò sì dẹ okùn tí ó fi ń fún àwọn òpójẹ̀ kéékèèké. Bí ìfúnpá bá já wálẹ̀, ìránṣẹ́ wọn á dín kù, ìdí ọpọlọ á sì ṣe òdìkejì: ọkàn á yára, òpójẹ̀ á sún kì. Gbogbo èyí kì í gba ju ìgbà díẹ̀ tí ọkàn lù lọ.

Olùkọ́ wa sọ fún wa pé Heymans, ará Bẹ́ljíọ̀mù, gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1938 nítorí ohun tí ó ṣàwárí nípa ipa tí ibi kan náà yìí ní ọrùn ń kó nínú mímí. Ibi kékeré ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò kéré.

Nítorí náà, èrò mi ni pé ìdáhùn sí ìbéèrè àǹtí Àbẹ̀kẹ́ rọrùn: ẹ̀jẹ̀ ríru ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn ọlọ́dẹ wọ̀nyí bá sùn lẹ́nu iṣẹ́.


Ìyá_Onísùúrù — Ọjọ́ Ajé, 9:22 alẹ́

Ẹ kú àròjinlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín yìí ló mú mi rántí ìyá mi, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ti dìde lóru láti lọ tọ̀, tí òòyì kọ́ ọ, tí ó sì ṣubú. Ọlọ́run yọ ọ́, kò ṣẹ́ eegun. Ní ilé ìwòsàn tí a gbé e lọ, ọ̀dọ́ kan wọ̀n ọ́n nígbà tí màmá dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní ìfúnpá rẹ̀ dára, ó ní kí a máa lọ. N kò ní ìtẹ́lọ́rùn. Ṣé ọlọ́dẹ ọrùn tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí ń sọ ni ó ti rẹ̀?


Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ — Ọjọ́ Ajé, 11:40 alẹ́

Ìyá Onísùúrù, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Àìtẹ́lọ́rùn yín tọ̀nà pátápátá, nítorí pé a kò lè rí àìsàn tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà ìdìde bí a bá wọ̀n ọ́n nígbà ìdùbúlẹ̀ nìkan.

Nígbà tí ènìyàn bá dìde dúró, ẹ̀jẹ̀ tí ó ju ìdajì lítà lọ yóò ṣàn wá sí ẹsẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ikùn nítorí ìwúwo rẹ̀. Èyí tí ó ń padà sí ọkàn á dín kù, èyí tí ọkàn ń tì jáde náà á dín kù, ìfúnpá á sì já. Ní ara tí ó ṣì lágbára, àwọn ọlọ́dẹ ọrùn á ti mọ̀ kí ẹni náà tó gbẹ́sẹ̀ kejì, ọkàn á yára díẹ̀, òpójẹ̀ ẹsẹ̀ á sún kì, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, òpójẹ̀ ọrùn á máa le, kò ní nà dáadáa mọ́, ọlọ́dẹ tí ó ń gbé ara rẹ̀ á sì máa lọ́ra. Bí oògùn tí ó ń tú òpójẹ̀ sílẹ̀ tàbí tí ó ń fa omi jáde bá wá kún un, ìdáhùn ara lè pẹ́ ju bí ọpọlọ ṣe lè fara dà á lọ.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí: ẹ jẹ́ kí màmá dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Kí ó dìde dúró, kí ẹnì kan dì í mú, kí ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan àti lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ já, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá fi 10 já, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ gbé e tọ dókítà rẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra yín. Títí di ìgbà náà, bí ó bá jí lóru, kí ó kọ́kọ́ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, kí ó máa gbé ẹsẹ̀ sókè sódò díẹ̀ kí ó tó dìde.


Olùkọ́_Ìmọ̀_Ara — Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:10 àárọ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ mi, bí o ṣe ṣàlàyé àwọn ọlọ́dẹ náà dára, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n gbólóhùn rẹ tí ó gbẹ̀yìn kò rí bẹ́ẹ̀, àṣìṣe náà sì wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fẹ́ lo àkókò lé e lórí, nítorí pé inú rẹ̀ gan-an ni ìdáhùn ìbéèrè Àbẹ̀kẹ́ wà.

Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọlọ́dẹ ọrùn ni ó ń pinnu ibi tí ìfúnpá yóò wà, ẹni tí a bá gé okùn tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ yóò ní ẹ̀jẹ̀ ríru títí ayé. Ní ọdún 1973, àwọn onímọ̀ ìṣiṣẹ́ ara mẹ́ta, Cowley, Liard àti Guyton, tẹ àbájáde ìwádìí jáde, nínú èyí tí wọ́n gé okùn àwọn ọlọ́dẹ náà lára àwọn ajá, tí wọ́n sì ń wọn ìfúnpá wọn tọ̀sán-tòru. Ìfúnpá náà di aláìnísinmi: bí ajá dìde, ó já; bí ẹnì kan wọlé, ó fò sókè. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣírò ìpíndọ́gba gbogbo ọjọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ajá tí a kò fọwọ́ kàn. Ẹ ronú sí èyí dáadáa. Iṣẹ́ àwọn ọlọ́dẹ ni láti má ṣe jẹ́ kí ìfúnpá máa fì síwá sẹ́yìn láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Wọn kì í ṣe ẹni tí ó sọ pé ibi báyìí ni kí ó wà láti ọdún dé ọdún.

Ta ni ó wá ń sọ bẹ́ẹ̀? Kíndìnrín ni ìdáhùn tí ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ jù. Lójoojúmọ́, kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ tó 180 lítà omi láti inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ń dá èyí tí ó ju 178 nínú rẹ̀ padà. Lítà kan sí méjì péré ni a ń tọ̀. Ìyàtọ̀ kékeré nínú iye tí wọ́n dá padà ti tó láti sọ bí omi àti iyọ̀ inú ara yóò ṣe pọ̀ tó. Bí ìfúnpá bá sì ga ju ibi tí kíndìnrín mọ̀ lọ, wọn á tọ iyọ̀ àti omi jù sílẹ̀ sí i. Ẹ̀jẹ̀ inú òpójẹ̀ á dín kù, èyí tí ọkàn ń tì á dín kù, ìfúnpá á sì padà wálẹ̀. Wọn kò ní dákẹ́ iṣẹ́ náà títí ìfúnpá yóò fi padà sí ibi tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ó lè gba wákàtí, ó lè gba ọjọ́, ṣùgbọ́n kì í sú wọn. Guyton ni ó fi ìyókù ayé rẹ̀ ṣàlàyé kókó yìí, ohun tí ó sì tẹ̀ lé e ni pé ìfúnpá kò lè dúró sókè fún oṣù àti ọdún àfi tí kíndìnrín bá ti gbà pé òkè náà ni ó yẹ kí ó wà.

Ẹ̀rí mìíràn wà. Ní ọdún 1934, olùwádìí kan tí ń jẹ́ Goldblatt fi nǹkan fún òpójẹ̀ tí ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí kíndìnrín ajá, kí ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dé ibẹ̀ lè dín kù. Kíndìnrín náà rò pé ìfúnpá gbogbo ara ti já ni, ó sì gbé e sókè. Àwọn mìíràn gbé kíndìnrín láti ara eku tí ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ ti ìdílé rẹ̀ sí ara eku tí kò ní in; ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ̀ lé kíndìnrín lọ.

Àwọn onímọ̀ kan ṣì ń bá Guyton jiyàn, tí wọ́n ní òpójẹ̀ fúnra wọn àti okùn tí ó ti ọpọlọ wá lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru láìdúró de kíndìnrín. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ wọn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé okùn ọpọlọ kan náà ń dé inú kíndìnrín pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ibi yòówù kí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, kò lè pẹ́ bí kíndìnrín kò bá fọwọ́ sí i.


Akẹ́kọ̀ọ́_Ọdún_Kẹta — Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:33 àárọ̀

Mo gbà, Olùkọ́, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n kí wá ni àwọn ọlọ́dẹ ọrùn ń ṣe nígbà tí ìfúnpá bá ti wà ní 160 fún ọdún kan? Ṣé wọn kò rí i ni?


Olùkọ́_Ìmọ̀_Ara — Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Wọ́n rí i ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ìfúnpá bá dúró sókè fún ọjọ́ kan sí méjì, àwọn ọlọ́dẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ibi tuntun náà sí ibi tí ó tọ́. Láti ìgbà náà lọ, bí ó bá já kúrò ní 160 sí 130 lójijì, wọn á kà á sí ewu, wọn á sì sáré gbé e padà sókè. Wọn kò sùn. Ibi tí kò tọ́ ni wọ́n ń fi òótọ́ inú ṣọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru kiri láìmọ̀ ohunkóhun lára, àti ìdí tí ó fi máa ń rẹ àwọn kan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn, kí ara tó kọ́ ibi tuntun náà.

Àwọn òpójẹ̀ kéékèèké pàápàá ń yí padà. Bí agbára tí ó ń tì wọ́n bá pọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ara wọn á nípọn, ihò inú wọn á sì kéré sí i. Ẹ rántí ìlọ́po 16 tí mo sọ lánàá.


Oníṣẹ́_Oògùn — Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:48 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ń ka ìjíròrò yìí láti àná, ó sì dùn mọ́ mi gan-an. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kíndìnrín fi ń bá ìyókù ara sọ̀rọ̀, nítorí pé ìdajì oògùn tí mo ń fún àwọn ènìyàn ni ó ń dá ọ̀rọ̀ náà dúró ní ibì kan.

Ní ọdún 1898, Tigerstedt àti Bergman, ní Stockholm, lọ kíndìnrín ehoro, wọ́n sì fi omi rẹ̀ sí ara ehoro mìíràn, ìfúnpá rẹ̀ sì gòkè. Wọ́n pe ohun tí ó wà nínú omi náà ní renin. Kíndìnrín ń tú renin jáde nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bá dín kù, tàbí tí iyọ̀ tí ó ń kọjá nínú rẹ̀ bá kéré, tàbí tí ọpọlọ bá pàṣẹ. Renin fúnra rẹ̀ kì í fún òpójẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń gé èròjà kan tí ẹ̀dọ̀ ti tú sínú ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ohun tí a rí gé níbẹ̀ á dé inú òpójẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, a ó sì tún gé e lẹ́ẹ̀kejì níbẹ̀ kí ó tó di angiotensin kejì. Èyí ni ọ̀gá wọn. Ó ń fún òpójẹ̀ pọ̀, ó ń mú òǹgbẹ gbẹ ènìyàn, ó ń jẹ́ kí ọpọlọ tú họ́mọ̀nù tí ó ń dá omi dúró jáde, ó sì ń sọ fún ẹṣẹ́ tí ó wà lórí kíndìnrín pé kí ó tú aldosterone, tí ó ń dá iyọ̀ padà sínú ara. Ẹ wò ó bí ìránṣẹ́ kan ṣe ń kan ilẹ̀kùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà.

Inú oró ejò ni a ti kọ́ bí a ṣe lè dá a dúró. Ferreira, ará Bùràsíìlì, ń ṣe ìwádìí lórí oró paramọ́lẹ̀ kan ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, ó sì rí èròjà tí kì í jẹ́ kí a ṣe ìgé kejì yẹn. Láti inú ìmọ̀ náà ni a ti ṣe captopril, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1981. Àwọn oògùn tí orúkọ wọn parí sí “pril” jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Àwọn kan tí ó ń lo wọ́n máa ń wú ikọ́ gbígbẹ, nítorí pé ohun tí ó ń ṣe ìgé kejì náà ni ó ń fọ́ èròjà mìíràn tí ó lè rin ọ̀nà ọ̀fun lára. Bí ikọ́ náà bá ń dà yín láàmú, ẹ sọ fún ẹni tí ó kọ oògùn náà fún yín, oògùn mìíràn wà tí ó ń dí angiotensin lọ́nà láìfa ikọ́. Aláboyún kò gbọdọ̀ lo irú méjèèjì.

Ohun kan ṣì wà tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún ẹni tí ó bá wá sí káńtà mi. Ọ̀pọ̀ oògùn ìrora tí a ń rà láìkọ ìwé, irú ibuprofen, ń jẹ́ kí kíndìnrín dá iyọ̀ àti omi dúró, ó sì ń gbé ìfúnpá sókè. Ẹni tí ó ń lo wọ́n lójoojúmọ́ fún orúnkún rẹ̀ lè máa bá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ jà láìmọ̀.


Àbẹ̀kẹ́_Oníbéèrè — Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:30 alẹ́

Ọpẹ́ mi kò lópin. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lo oògùn fún oṣù mẹ́rin, ìfúnpá rẹ̀ di 124, ó ní ara òun ti yá, ó sì dáwọ́ dúró. Láàárín oṣù kan, ó ti padà sí 155. Títí di òní, ó gbà pé oògùn náà ni ó ba ara òun jẹ́. Ṣé ohun tí Olùkọ́ sọ nípa ibi tí ara mọ̀ ni ó ṣẹlẹ̀ sí i?

Mo tún fẹ́ béèrè: gbogbo ohun tí Oníṣẹ́ Oògùn kà sílẹ̀ ni ó ń gbé ìfúnpá sókè. Ṣé kò sí èyí tí ó ń fà á wálẹ̀ ni?


Olùkọ́_Ìmọ̀_Ara — Ọjọ́rú, 6:40 àárọ̀

Bẹ́ẹ̀ ni, Àbẹ̀kẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí oògùn wà nínú ara ẹ̀gbọ́n yín, kíndìnrín rẹ̀ lè tọ iyọ̀ tí ó yẹ kí ó tọ̀ ní 124. Nígbà tí oògùn kúrò, kò lè tọ iye iyọ̀ kan náà àfi ní 155, nítorí náà ó gbé ìfúnpá padà síbẹ̀. Oògùn náà kò bà á jẹ́. Ohun tí ó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó padà hàn. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún un báyìí, kí ó sì padà lọ rí dókítà rẹ̀ láìpẹ́.

Àwọn tí ó ń fà á wálẹ̀ wà, mo sì dúpẹ́ pé ẹ béèrè. Ọkàn fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ní ọdún 1981, de Bold àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà fi omi tí wọ́n rí nínú yàrá òkè ọkàn eku sí ara eku mìíràn, eku náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ iyọ̀ àti omi jáde lọ́pọ̀lọpọ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí yàrá náà fi ń nà, ọkàn a máa ránṣẹ́ sí kíndìnrín pé kí wọ́n tọ̀. Ṣáájú rẹ̀, a kò mọ̀ ju pé ọkàn ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ. Awọ inú òpójẹ̀ ni ìkejì: ó ń tú afẹ́fẹ́ kan tí ń jẹ́ nitric oxide jáde, tí ó ń jẹ́ kí iṣan yípo òpójẹ̀ dẹra. Furchgott, Ignarro àti Murad gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1998 nítorí rẹ̀. Sìgá, àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru fúnra rẹ̀ a máa ba awọ yìí jẹ́, nípa bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó ń fà á wálẹ̀ á di aláìlágbára nígbà tí a nílò rẹ̀ jù.


Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ — Ọjọ́rú, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Mo fẹ́ fi ohun kékeré kan kún un. Ní alẹ́, bí ènìyàn bá ń sùn dáadáa, ìfúnpá a máa fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá sí ogún nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀, a sì máa gòkè padà bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́. Ẹni tí tirẹ̀ kì í wálẹ̀ lóru ní ewu púpọ̀ sí i fún ọkàn àti ọpọlọ. Bí ẹ bá ń hanrun púpọ̀, tí mímí yín sì máa ń dá lójú oorun, ẹ sọ fún dókítà yín.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni tí ó ka ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa nípa ọlọ́dẹ ọrùn má ṣe máa tẹ ọrùn ara rẹ̀ láti fi fa ìfúnpá wálẹ̀. Ó lè dá ọkàn dúró lójijì, ó sì léwu gidi fún àgbàlagbà.


Àbẹ̀kẹ́_Oníbéèrè — Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ kejì, 7:55 àárọ̀

Mo padà wá bí mo ṣe ṣe ìlérí. Mo tẹ̀ lé ìlànà Nọ́ọ̀sì Alẹ́ fún ọjọ́ mẹ́tàlá. Ìpíndọ́gba àárọ̀ mi jẹ́ 137 lórí 87, ti alẹ́ jẹ́ 131 lórí 83. Tẹ́lẹ̀, 148 kan ṣoṣo yẹn ni ó ń bà mí lẹ́rù. Báyìí, ìpíndọ́gba tí kò tíì wálẹ̀ ni mo ń wò, nítorí pé mo ti mọ èyí tí ó jẹ́ iṣẹ́ àwọn ọlọ́dẹ àti èyí tí ó jẹ́ ti kíndìnrín. Ọ̀la ni mo ń gbé ìwé náà lọ fún dókítà.


Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ — Ọjọ́ Àìkú, 9:12 àárọ̀

Ẹ gbé ẹ̀rọ náà dání pẹ̀lú, kí wọ́n fi wé ti ọ̀dọ̀ wọn.


Ìyá_Onísùúrù — Ọjọ́ Àìkú, 3:37 ọ̀sán

Nọ́ọ̀sì Alẹ́, a wọn ti màmá bí ẹ ṣe sọ. Nígbà tí ó dùbúlẹ̀, 138 lórí 80 ni. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ó dìde, 112 lórí 72. Mo fi han dókítà mìíràn, ó ní kí ó dúró ní iwájú òun, ó sì tún un wọ̀n fúnra rẹ̀. Ó ti dín ọ̀kan nínú oògùn rẹ̀ kù, ó sì ní kí a padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà, màmá ń jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì kí ó tó dìde, èmi náà sì ń fi iná sílẹ̀ fún un lóru.